Abẹ́rẹ́ interferon, ẹ̀jẹ̀ tí a jogún, àti ohun tó yẹ kí a bi dókítà

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọkọ mi ní hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, dókítà ẹ̀dọ̀ sì fẹ́ máa fún un ní abẹ́rẹ́ interferon, oògùn tó ń ran ara lọ́wọ́ láti bá fáírọ́ọ̀sì jà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 48. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, nọ́ọ̀sì ní neutrophil rẹ̀, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà, ti kéré jù fún abẹ́rẹ́ náà, 1.2 ni wọ́n kọ síbẹ̀ (ìyẹn bílíọ̀nù 1.2 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan). Bẹ́ẹ̀ ara ọkọ mi le koko, kì í ṣe ẹni tí àìsàn ń gbé ṣánlẹ̀. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti rí irú èyí rí?

Apoògùn, Birmingham

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Tèmítọ́pẹ́. Èmi kọ́ ni dókítà ọkọ yín, nítorí náà ohun tí ẹ lè gbé lọ bá wọn ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ jùlọ nínú àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kò ní àmì tí wọ́n ń pè ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá ní Ìbàdàn fún HapMap, iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí jíìnì ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Àjogúnbá ni, ó sì ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ibà tí kòkòrò Plasmodium vivax ń fà. Ẹni tí kò ní Duffy sábà máa ń ní neutrophil tí kò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, láìjẹ́ pé àìsàn kankan ń ṣe é, ṣùgbọ́n ara ẹ̀jẹ̀ àwọn òyìnbó ni wọ́n ti ṣírò òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn tiwa.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé interferon fúnra rẹ̀ a máa fa neutrophil wálẹ̀. Ìlànà peginterferon alfa-2a, irú interferon tí a ń gún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní kí a dín ìwọ̀n oògùn kù bí iye náà bá kéré sí 0.75, kí a sì dá a dúró ná bí ó bá kéré sí 0.5. Ẹ wá gbogbo èsì àyẹ̀wò àtijọ́ ọkọ yín jọ, títí kan èyí tó ṣe ní Nàìjíríà, nítorí bí iye náà bá ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ẹ̀rí ńlá nìyẹn. Kí ẹ sì béèrè pé kí ilé ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ yẹ Duffy rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá kọ Fy(a−b−), ìyẹn ni pé kò ní Duffy, ẹ ní kí wọ́n fi í sínú fáìlì rẹ̀, kí dókítà lè mọ̀ pé bí neutrophil rẹ̀ ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn kí ó tó pinnu ìwọ̀n oògùn.

Bàbá Ìbejì, Houston

Ẹ jẹ́ kí n fi ti kíndìnrín kún un, nítorí èmi gbà pé òun ni a kì í sábà rántí béèrè. Jíìnì kan wà tí ń jẹ́ APOL1, tí ẹ̀dà rẹ̀ méjì, G1 àti G2, wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa Yorùbá, wọ́n sì ń gbèjà ara lọ́wọ́ kòkòrò àìsàn oorun. Ọdún 2010 ni wọ́n fi hàn pé ẹni tó bá gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, ni ewu àrùn kíndìnrín rẹ̀ pọ̀. Interferon a máa ru jíìnì yìí sókè, a sì ti rí àwọn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ lẹ́nu abẹ́rẹ́ náà tó jẹ́ pé wọ́n gba irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní i ló ń rí i bẹ́ẹ̀ o. Ẹ ṣáà ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ọkọ yín wò fún purotéènì kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, kí wọ́n sì máa tún un ṣe; bí ìtọ̀ rẹ̀ bá ń hó bí omi ọṣẹ tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kí ó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

Bùkọ́lá, Dublin

Ẹ kú àlàyé o, ẹ̀yin àgbà. Ìyá mi ní hepatitis C, àrùn ẹ̀dọ̀ mìíràn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, dókítà sì dárúkọ ribavirin, oògùn kan tí wọ́n ń lò fún un. SS ni ẹ̀jẹ̀ wọn. Ṣé kò séwu?

Apoògùn, Birmingham

Ewu wà, àbúrò mi. Ribavirin a máa kó jọ sínú sẹ́ẹ̀lì pupa, a sì máa fọ́ wọn, nítorí náà ìwé oògùn náà fúnra rẹ̀ kò fàyè gba ẹni tó jẹ́ SS. Lóòótọ́, àwọn kan wà tí jíìnì ITPA wọn kò lágbára, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù lórí ribavirin, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ SS di ohun tí a lè gbójú fò. Ẹ bi dókítà bóyá ó mọ̀ pé SS ni ìyá yín, kí ẹ sì béèrè ìdí tí kò fi lè jẹ́ sofosbuvir pẹ̀lú velpatasvir nìkan, oògùn oníhóró tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún ọ̀sẹ̀ 12 láìfi interferon tàbí ribavirin kún un.