Ìwé ìrìn-àjò tí mo fọwọ́ rán ti wú, kò ṣeé pa dé mọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aránwé béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìn-àjò ni mo bá wá, ìyẹn ìwé kékeré tí mo máa ń fọwọ́ rán, tí mo ń lẹ tíkẹ́ẹ̀tì, fọ́tò, àjákù aṣọ àti àwòrán mọ́ nígbà tí mo bá wà lójú ọ̀nà. A5 ni èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Bébà A4 tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ni mo ṣẹ́po sí méjì, páálí líle ni èèpo rẹ̀, gọ́ọ̀mù funfun ni mo fi ń lẹ nǹkan sínú rẹ̀.

Wàhálà rẹ̀ nìyí: ó lanu bí ọ̀nì, àfi kí n fi rọ́bà dè é kó tó pa dé. Àwọn ojú-ewé tí mo lẹ nǹkan sí ti hunjọ. Òwú ti fa ihò ya nínú ìdì méjì (ìdì ni àwọn bébà tí a ṣẹ́po, tí a kì bọ inú ara wọn, tí a sì rán pọ̀). Àwọn rìsíìtì inú rẹ̀ sì ń ṣá, ohun tí wọ́n kọ sára wọn kò fẹ́ẹ̀ hàn mọ́.

Mo fẹ́ rán òmíràn kí n tó tún gbéra. Bébà wo ni kí n lò? Báwo ni kí n ṣe rán an tí kò fi ní wú? Kí ni mo lè gbé wọ bàálù kí n lè máa ṣe é lọ? Mo tún máa ń ya fọ́tò àwọn ojú-ewé rẹ̀ fi han èèyàn, bí ó bá ní ohun tó yẹ kí n ṣọ́ra fún níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọ́.

Olóòlu:

Ẹ má tíì dá gọ́ọ̀mù lẹ́bi. Ìṣirò ló fa wíwú yẹn. Ní ẹ̀yìn ìwé, níbi tí òwú gbà, bébà nìkan ló wà níbẹ̀. Ní ẹnu rẹ̀, bébà wà, tíkẹ́ẹ̀tì wà, fọ́tò wà, gọ́ọ̀mù náà wà. Bí ogún ewé bá gba ohun tó nípọn tó ìdajì mìlímítà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu ìwé ti fi sẹ̀ǹtímítà kan nípọn ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Kò sí bí ẹ ṣe lè rán an tí yóò pa dé. Ẹ̀yìn yẹn gan-an lẹ máa kọ́kọ́ fi bébà kún.

Kùkùté la fi ń ṣe é. Ẹ gé bébà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, kí gíga rẹ̀ bá ti ìwé dọ́gba. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì lóòró, ẹ ki í sáàárín àwọn ewé inú ìdì, kí ẹ sì rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó di kùkùté méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì gba àyè ohun kan tí ẹ bá lẹ. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò lẹ fẹ́ máa lẹ, ẹ fi bébà tó le díẹ̀ ṣe kùkùté náà, gíráàmù 160 sí 200 ní mítà onígun mẹ́rin kan.

Ọ̀nà kejì rọrùn jù fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí òun máa rí lẹ kó tó rí i. Ẹ rán ewé tó pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ nílò lọ. Nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá lẹ ohun tó nípọn, ẹ gé ewé tó tẹ̀ lé e kúrò, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú. Ẹ má gé e dé ojú ìṣẹ́po o. Ewé kọ̀ọ̀kan ní ìkejì lódìkejì ìdì, bí ẹ bá gé ọ̀kan tán pátápátá, èkejì á yọ bọ́.

Ní ti rírán, rírán olójú-ẹ̀wọ̀n ni kẹ́ ẹ lò, ìyẹn èyí tí òwú ti ń kọ́ ìdì kan mọ́ èkejì ní ẹ̀yìn ìwé bí ojú ẹ̀wọ̀n. Òun ló ń jẹ́ kí ìwé tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì.

Bàbá Páálí:

Olóòlu ti sọ ti wíwú. Híhunjọ yẹn, ọ̀rọ̀ iṣan bébà ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò.

Bébà tí ẹ̀rọ ṣe ní iṣan, ìyẹn àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-ín tó para pọ̀ di bébà, apá kan náà ni gbogbo iṣan ọ̀hún sì ń kọjú sí. Bí omi inú gọ́ọ̀mù bá kan bébà, kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i ní òòró iṣan, ìbú iṣan ló máa ń fẹ̀ sí. Bí iṣan bá dábùú ẹ̀yìn ìwé, ibi tí bébà ń fẹ̀ lọ ni òwú ti dì í mú. Kò ríbi gbà, ló bá hunjọ. Bí iṣan bá bá ẹ̀yìn ìwé lọ, fífẹ̀ náà á gba ẹnu ìwé jáde, kò sì ní yọ yín lẹ́nu. Èèpo páálí náà ní iṣan o, kí tiẹ̀ bá ẹ̀yìn ìwé lọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Iṣan bébà A4 tó wọ́pọ̀ máa ń bá òòró rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ po sí A5, ó ti dábùú nìyẹn. Ẹ gé e sí méjì lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó wá ṣẹ́ ìdajì kọ̀ọ̀kan po: A6 lẹ máa rí, mìlímítà 105 sí 148, iṣan á sì tò bó ṣe yẹ. Bébà A4 méjìlá, tí a gé sí méjì méjì, á fún yín ní ìdì mẹ́fà tó ní bébà mẹ́rin mẹ́rin. Ojú-ewé 96 nìyẹn kí ẹ tó gé èyíkéyìí sí kùkùté. Bébà gíráàmù 120 ni mo fara mọ́, ti 80 máa ń jẹ́ kí íńkì hàn sódìkejì.

Kó má bàa jẹ́ pé mò ń méfò, ẹ dán bébà yín wò. Ẹ gé onígun mẹ́rin kékeré, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí márùn-ún, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà tó bá òòró bébà ńlá náà lọ sára rẹ̀, ẹ wá fi ìka tó tutù pa ojú kan. Kíá ló máa ká bí ẹní. Apá ibi tí òòró ẹní náà kọjú sí ni iṣan kọjú sí.

Aránwé:

Ẹ ṣeun gan-an. A6 yẹn á kéré díẹ̀ fún àwòrán mi. Ṣé kò sí bí mo ṣe lè rí A5 tí iṣan rẹ̀ tò?

Bàbá Páálí:

Ó wà. Ẹ ra A3 tí iṣan rẹ̀ bá òòró lọ, ẹ gé e sí A4 méjì, kí ẹ wá ṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan po. Òfin rẹ̀ kò ju gé lẹ́ẹ̀kan, ṣẹ́po lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ń fi ọ̀dà olómi kun àwòrán, bébà ọ̀dà ni kí ẹ fi ṣe ìdì kan tàbí méjì, kí ẹ má ju bébà méjì lọ nínú ìdì bẹ́ẹ̀. Gíráàmù 300 kì í ṣẹ́po dáadáa bí ó bá di mẹ́ta.

Ìyá Abẹ́rẹ́:

Àbúrò, rírán olójú-ẹ̀wọ̀n dára fún ìwé orí tábìlì, Olóòlu ò purọ́. Àmọ́ ìwé tó ń wọ báàgì tó ń jáde lójoojúmọ́? Òwú rẹ̀ wà níta gbangba ní ẹ̀yìn ìwé, ohun gbogbo ló máa ń kọ́ ọ. Ibi tí òwú ti wọnú páálí èèpo ló sì máa ń kọ́kọ́ já. Awọ rírọ̀ ni kí o fi ṣe èèpo, kí o rán àwọn ìdì mọ́ ọn tààrà. Rírán náà kò gba gọ́ọ̀mù rárá, awọ á sì fàyè gba ìwé bó ṣe ń sanra.

Fún A6, ihò mẹ́fà ni kí o lu sí ìdì kọ̀ọ̀kan: mìlímítà 10, 35, 60, 88, 113 àti 138 láti òkè. Sàmì sí páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí o máa fi wọn gbogbo ìdì. Ṣí ìwé ńlá kan sílẹ̀, gbé ìdì sí kòtò àárín rẹ̀, kí o ti òòlu (irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń lu ihò) bọ ojú ìṣẹ́po láti inú lọ síta. Bí ihò bá fi mìlímítà kan ṣoṣo yẹ̀ kúrò lójú ìṣẹ́po, ewé tó wà nísàlẹ̀ kò ní pẹ́ ya. Kí ihò má tóbi ju abẹ́rẹ́ lọ.

Di àwọn ìdì náà mọ́ra pẹ̀lú kùkùté inú wọn, kí o fi rúlà wọn bí ẹ̀yìn wọn ṣe nípọn tó. Ó sábà máa ń tó mìlímítà 18. Lu ìlà mẹ́fà tó ní ihò mẹ́fà mẹ́fà sí àárín awọ, ìlà kan fún ìdì kan, mìlímítà mẹ́ta síra wọn. Bí awọ bá fẹ́lẹ́, lẹ aṣọ tó le mọ́ inú ẹ̀yìn yẹn kó tó di pé o lu ihò, torí ihò tó sún mọ́ra báyẹn lè ya wọnú ara wọn.

Òwú ọ̀gbọ̀ ni kí o lò. Mítà kan ó lé sẹ̀ǹtímítà 15 tó fún ìdì mẹ́fà. Fi ìda pa á títí tí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀díẹ̀, òwú tí kò ní ìda máa ń yọ̀ padà bí o bá ti tú ọwọ́ sílẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ìta, kí abẹ́rẹ́ máa gba inú awọ àti ìdì pa pọ̀: wọ ihò kìíní, fi òwú tó tó ìka méjì sílẹ̀ níta, jáde ní ìkejì, wọ ẹ̀kẹta, jáde ní ẹ̀kẹrin, wọ ẹ̀karùn-ún, jáde ní ẹ̀kẹfà. Gbé ìdì kejì wá, wọ ihò kẹfà rẹ̀, kí o máa rán bọ̀ wá sókè bákan náà. Bí o bá jáde ní ihò kìíní, so òwú náà mọ́ èyí tí o fi sílẹ̀, ta á ní kókó méjì, kí o tó kọjá sí ìdì kẹta. Torí pé ihò náà jẹ́ mẹ́fà, ìta ni wàá máa parí sí nígbà gbogbo. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, inú lo máa há sí.

Ihò tó ya yẹn ńkọ́? Bí èèyàn ṣe ń fa òwú ló fà á. Bí o bá fà á wá sọ́dọ̀ ara rẹ ní òró gangan, tàbí tí o fà á padà síbi tó ti ń bọ̀, á gé bébà bí ọ̀bẹ. Fà á ní ìbámu pẹ̀lú ẹ̀yìn ìwé, sí ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ihò méjì méjì.

Arìnkiri:

Rìsíìtì àti ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì òde òní, ooru ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe íńkì. Ìmọ́lẹ̀, ooru, gọ́ọ̀mù àti àwọn láílọ́ọ̀nù kan ló máa ń pa ohun tó wà lára rẹ̀ rẹ́. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbà á, ẹ̀dà yẹn lẹ máa lẹ. Ẹ fi ojúlówó rẹ̀ sínú àpòòwé bébà.

Lójú ọ̀nà, téèpù olójú méjì tó fẹ́lẹ́ dára ju gọ́ọ̀mù lọ. Bí ẹ bá fẹ́ lo gọ́ọ̀mù dandan, ẹ pa á fẹ́ẹ́rẹ́, létí òkè tíkẹ́ẹ̀tì nìkan, mìlímítà márùn-ún, kí èèyàn lè ṣí i wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ki bébà onída sáàárín, ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Ti aṣọ yàtọ̀ pátápátá: ẹ má lẹ ẹ́. Gọ́ọ̀mù á là á kọjá, ibẹ̀ á sì dúdú. Ẹ fi òwú ìránṣọ kọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́ ewé.

Ewé igi, irúgbìn àti iyẹ̀pẹ̀ náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í gbà kí èèyàn gbé wọn wọlé láìjẹ́wọ́ wọn tàbí láìní ìwé àṣẹ. Dípò kí ẹ gbé ewé igi, ẹ ya àwòrán rẹ̀: ẹ dojú ewé náà dé kí iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè, ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ dá pẹ́ńsù rírọ̀ dùbúlẹ̀ fi ha orí rẹ̀. Gbogbo iṣan rẹ̀ ló máa jáde.

Ti bàálù: Amẹ́ríkà gba sísọ́ọ̀sì tí ojú rẹ̀ kò tó ínǹṣì mẹ́rin láti ibi ìdè rẹ̀, Yúróòpù ò gbà ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ. Ẹ ra èyí tó kéré sí sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, á bá ibi méjèèjì mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń yẹ ẹrù wò ló ní àṣẹ ìkẹyìn. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ sábà máa ń kọjá. Ọ̀bẹ ìgébébà àti òòlu, inú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ bàálù ni kí wọ́n wà, nítorí náà ẹ lu gbogbo ihò nílé kí ẹ tó lọ. Ìgò gọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ nínú ẹrù ọwọ́ ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú.

Ní ti fọ́tò, ẹ gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, òjìji á jẹ́ kí òwú àti etí bébà hàn. Ẹ má tan fíláàṣì. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù ni boarding pass, ìyẹn ìwé tí a fi ń wọ bàálù. Àmì onílà tàbí onígun mẹ́rin ara rẹ̀ ní orúkọ yín àti àmì ìdánimọ̀ ètò ìrìn-àjò yín (booking reference) nínú, oníjìbìtì kan lè fi fóònù kà á, kó sì fi wọ inú ètò ìrìn-àjò yín. Ẹ fi bébà bò ó kí ẹ tó ya fọ́tò, kì í ṣe orúkọ nìkan lẹ máa bò.

Aránwé:

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Èyí tó ti ya yìí wá ńkọ́, ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Olóòlu:

Ó ṣeé ṣe. Ẹ tú òwú rẹ̀, ẹ yọ àwọn ìdì méjì yẹn jáde. Ẹ gé bébà Japan fẹ́lẹ́ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ fi sítáàṣì tí a sè lẹ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ojú ìṣẹ́po gbogbo ewé tó ya, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tún ihò lù síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ewé òfìfo tó bá kù láàárín èyí tó nípọn, ẹ gé wọn sí kùkùté. Bí kò bá tún pa dé lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ èèpo páálí yẹn kúrò, kí ẹ fi awọ tí Ìyá Abẹ́rẹ́ sọ rọ́pò rẹ̀. Mo ṣì fara mọ́ olójú-ẹ̀wọ̀n fún ìwé tí kì í kúrò nílé o.