Ààwẹ̀ ‘jíjẹ afẹ́fẹ́’ ti Ṣáínà: òòyì kọ́ mi lọ́jọ́ kẹta, ṣé kí n máa bá a lọ?

Aránṣọ_Ayétòrò:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ẹni ọdún 46 ni mí, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe l'Áyétòrò níbí l'Óṣogbo, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo tún ní ọgbẹ́ inú tó ti pẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọkùnrin inú ẹ̀ ní àwọn ẹlẹ́sìn Tao ní Ṣáínà kì í jẹun, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń jẹ, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń pẹ́ láyé, pé kéèyàn kàn jókòó kó fa èémí sínú kó mú un dání kó sì gbé e mì bí òkèlè, omi nìkan ni kó máa mu fún ọjọ́ 21, tó bá fi máa parí ọgbẹ́ inú á ti san ẹ̀jẹ̀ ríru á ti lọ, kò ní nílò oògùn mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday. Ọjọ́ kìíní dáa, torí ààwẹ̀ ò ṣàjèjì sí mi, ọdọọdún ni mò ń gba Ramadan. Ọjọ́ kejì inú ń ta mí. Ọjọ́ kẹta mo lọ ra òwú àti síìpù l'Ọ́jà Ọba, bí mo ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ àwọn aláta òòyì kọ́ mi, orí mi wúwo bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé e, ẹsẹ̀ mi wá fúyẹ́ bíi pé mi ò tẹlẹ̀, ìyá kan ló dì mí mú tó fà mí jókòó sórí àpótí ẹ̀. Mo pe àbúrò mi, ó ní wọ́n ti sọ ọ́ nínú fídíò yẹn pé ìdọ̀tí ló ń jáde lára, kí n má já a. Ó fẹ́ràn mi, mo mọ̀ pé kò fẹ́ ibi fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀, ṣé bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń ṣe é lóòótọ́ nìyẹn?

Ọmọ_ÒkèFìà:
Àǹtí wa, ẹ kọ́kọ́ jẹun ná kẹ́ ẹ tó ka ìyókù. Ẹ̀kọ gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ o, ẹ má tíì sáré lọ sídìí iyán.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń ra ọjà ní Guangzhou, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Guangdong ní Ṣáínà, Xiaobei ni mo gbé, kò jìnnà sí ilé ẹ̀sìn Tao kan tó ń jẹ́ Sanyuan lẹ́bàá òkè Yuexiu. Bàbá àgbà kan tí mo máa ń bá pàdé nínú ọgbà Yuexiu ní ìdájí ló kọ́ mi ní mímí wọn, ibẹ̀ ni mo ti wá ń kà nípa ẹ̀ títí di òní. Nǹkan tí fídíò yẹn ń pè ní ààwẹ̀ yẹn, bigu lorúkọ ẹ̀, ìtúmọ̀ ẹ̀ ni kéèyàn yàgò fún ọkà. Ọkà o, kì í ṣe gbogbo oúnjẹ! Wọ́n gbà láyé àtijọ́ pé kòkòrò mẹ́ta ń gbé inú èèyàn, ọ̀kan lórí, ọ̀kan láyà, ọ̀kan níkùn, ìrẹsì àti jéró àti àlìkámà tá à ń jẹ ló ń bọ́ wọn, tó bá sì ti di òru ọjọ́ kan nínú ọgọ́ta ọjọ́ wọ́n á gòkè lọ rojọ́ olúwarẹ̀ lọ́run kí wọ́n lè gé ọjọ́ ayé ẹ̀ kúrú. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń febi pa kòkòrò yẹn. Àwọn fúnra wọn ń jẹ nǹkan míì dípò ọkà, bíi yànmọ̀tí, oje igi páìnì, gbòǹgbò inú igbó, olú kan tó máa ń hù mọ́ gbòǹgbò páìnì lábẹ́ ilẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí. Lọ́dún 1973 wọ́n gbẹ́ sàréè kan ní Mawangdui, ní Changsha, sàréè tí wọ́n ti dé pa láti ọdún 168 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n bá àwọn ìwé tí wọ́n kọ sórí aṣọ sílíkì nínú ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì dá lórí yíyàgò fún ọkà àti jíjẹ èémí. Ewé kan ni wọ́n ní kéèyàn máa jẹ, tí oṣù bá ti lé á máa fi díẹ̀ kún un lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, láti ọjọ́ kẹrìndínlógún á wá máa dín in kù títí oṣù á fi wọ òkùnkùn. Ìwé yẹn sọ ọ́ níbẹ̀ pé orí ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lè wúwo kí ẹsẹ̀ ẹ̀ fúyẹ́. Àǹtí, ohun tẹ́ ẹ sọ gan-an nìyẹn! Wọn ò pè é ní ìdọ̀tí tó ń jáde, wọ́n ní kí onítọ̀hún máa fẹ́ èémí síta títí ara á fi tù ú, ìyẹn ni pé nǹkan tó yẹ kí wọ́n tọ́jú ni wọ́n kà á sí. Iye èémí gan-an, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, ẹni ogún ọdún á mí ogún láàárọ̀, ogún nírọ̀lẹ́, ẹni ọgbọ̀n ọdún á mí ọgbọ̀n.

Kódà Ge Hong, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹ̀sìn Tao ní nǹkan bí ọdún 1,700 sẹ́yìn, tó lo ìgbẹ̀yìn ayé ẹ̀ lórí òkè Luofu ní ìpínlẹ̀ Guangdong kan náà yẹn, ó ní òun ti rí àwọn tó yàgò fún ọkà fún ọdún méjì sí mẹ́ta tí ara wọn fúyẹ́ tí àwọ̀ wọn sì dán. Àmọ́ ó sọ ọ́ gbangba pé owó oúnjẹ nìkan ni ìyẹn ń dín kù, òun nìkan ò lè fúnni ní ẹ̀mí gígùn. Ẹni tó gba ọ̀nà yẹn gbọ́ tọkàntọkàn ló sọ bẹ́ẹ̀ o, ta ni ọkùnrin orí WhatsApp wá ni?

Nọ́ọ̀sì_Igbóǹnà:
Ẹ kú ìdúró mà. Ọ̀rọ̀ tèmi ò pọ̀ àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọkàn sí i. Ṣé ẹ ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín? Tẹ́ ẹ bá ti dá a dúró, òní yìí ni kẹ́ ẹ lọ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì sọ bẹ́ ẹ ṣe máa padà sórí ẹ̀. Ẹ má mú èémí dání o, tí onífúnpá gíga bá mú èémí dání tó tún ń tì í nísàlẹ̀, ńṣe ló ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà sókè.

Ti ọgbẹ́ inú, bakitéríà kan, ìyẹn kòkòrò tí ojú ò lè rí, tó ń jẹ́ Helicobacter pylori àti àwọn oògùn ara ríro tí à ń lò bíi gúgúrú ló sábà máa ń fà á. Àwọn dọ́kítà méjì ará Ọsirélíà ló rí i, ọ̀kan nínú wọn gbé bakitéríà náà mu fúnra ẹ̀ kó lè fi hàn pé òótọ́ ni, wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005, ọdún yẹn náà ni àjọ UNESCO fi Igbó Ọ̀ṣun wa kún àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé, ìdí tí mi ò fi lè gbàgbé ẹ̀ nìyẹn. Ebi ò lè lé e jáde, oògùn ló ń pa á. Ọjọ́ 21 lórí omi nìkan tún léwu lọ́tọ̀, tí onítọ̀hún bá padà sídìí oúnjẹ lójijì àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ kí ọkàn máa lù ségesège.

Mímí yẹn fúnra ẹ̀ dáa. Àgbàlagbà sábà máa ń mí bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ẹ bá rọra fà á wálẹ̀ sí bíi mẹ́fà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ń tu ara, ó sì lè bá oògùn dín ìfúnpá kù díẹ̀. Ó ń bá oògùn ṣiṣẹ́ ni o, kò rọ́pò ẹ̀.

Ummu_ÒkèBáálẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi Ramadan wé èyí láéláé. Àwa ń jẹ sààrì, àwa ń ṣínu, Ànábì sì kọ̀ fún wa ká máa gba ààwẹ̀ tọ̀sán tòru láì ṣínu. Aláìsàn gan-an, Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún un nínú Sura Baqarah kó jẹ, kó san án padà tára ẹ̀ bá yá. Tí Ramadan bá lè ṣàánú yín, kí wá ni tí fídíò? Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ Ọmọ_ÒkèFìà, mímí yẹn ńkọ́, ṣé kò ní ìbọ nínú?

Ọmọ_ÒkèFìà:
Ìbéèrè tó dáa ni. Mi ò ní parọ́, wọ́n ní àwọn òrìṣà tí wọ́n ń bọ nínú ilé ẹ̀sìn wọn, wọ́n ń sun tùràrí fún wọn, mímí sì jẹ́ ara ìsìn lọ́dọ̀ àwọn àlùfáà wọn. Bàbá tó kọ́ mi ò pe orúkọ kankan sí i. Ohun tó ní kí n máa ṣe ò ju kí n jókòó, kí n pa ẹnu dé, kí n fi imú fa èémí jẹ́jẹ́ kí ikùn wú, kí n fọkàn sí ibi tó tó nǹkan bí ìka mẹ́ta nísàlẹ̀ ìdodo, kí n wá jẹ́ kó jáde kó pẹ́ ju bó ṣe wọlé lọ. Tí mo bá ti ń gbọ́ ìró èémí mi, á ní mo ti ń kánjú.

Aránṣọ_Ayétòrò:
Ọlọ́run á san yín lóore gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì, òótọ́ ni, láti Sunday ni mo ti dá oògùn dúró. Mo mu ẹ̀kọ bí Ọmọ_ÒkèFìà ṣe ní kí n ṣe, nígbà tó ṣe mo jẹ mọ́ín-mọ́ín kan, òòyì yẹn ti lọ. Mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń wọn ìfúnpá nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi, 168 lórí 102 ni, wọ́n ní kí n padà sórí oògùn mi lónìí kí n sì wá rí dọ́kítà láàárọ̀ ọ̀la, màá bèèrè ti bakitéríà yẹn náà. Mo fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó ti kà á, kò tíì fèsì. Mímí yẹn, ṣé èmi náà lè ka 46 láàárọ̀ àti 46 nírọ̀lẹ́ bí ìwé inú sàréè yẹn ṣe wí, láì mú un dání?

Nọ́ọ̀sì_Igbóǹnà:
Ẹ lè ṣe é mà, lórí ìjókòó o, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lo oògùn tẹ́ ẹ sì ti jẹun. Tí òòyì bá tún kọ́ yín ẹ dáwọ́ dúró. Tórí bá ń fọ́ yín gan-an tàbí ẹ rí i pé ojú yín ń ṣú, ẹ má dúró di àárọ̀ ọ̀la, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ tààrà.