Ìgbà wo ni kí a lọ sí Kruger: ẹ̀ẹ̀rùn àbí àsìkò òjò?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Èmi àti bàbá mi fẹ́ lọ sí ọgbà ẹranko Kruger ní Gúúsù Áfíríkà, ṣùgbọ́n a kò tíì fẹnu kò lórí oṣù tí a ó lọ. Bàbá ò ka kìnnìún sí rárá, ẹyẹ ni wọ́n fẹ́ wò. Èmi ní tèmi, erin àti kìnnìún ni mò ń wá (kí n má purọ́).

Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, koríko máa ń gbẹ, àwọn ẹranko á kóra jọ sétí omi, rírí wọn kì í ṣòro. Àmọ́ àwọn ẹyẹ tó ń ti òkèèrè wá kì í sí níbẹ̀ nígbà náà. Àsìkò òjò, bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, ni wọ́n máa ń pọ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni ooru àti ibà máa ń le. Bàbá ti lé ní ẹni 70 ọdún.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí, ṣé idì, igún àti àwọn ẹyẹ mìíràn tí kì í kúrò níbẹ̀ lè tẹ́ bàbá lọ́rùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? A lè wa mọ́tò fúnra wa, ṣùgbọ́n èèyàn ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbi tó bá wù ú, orúnkún bàbá ò sì fẹ́ ìjókòó pípẹ́. Ṣé kí a sùn sí ibùdó Skukuza nínú ọgbà náà, tí ibùba ìwòyẹ Lake Panic wà nítòsí rẹ̀, àbí kí a lọ sí ibùdó Punda Maria lápá àríwá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí a lọ lẹ́ẹ̀mejì o, ẹ ṣáà mọ owó ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó.