Àdímíṣọ̀n nínú eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà: èwo ló ṣeé gbà gbọ́?

Alákọsílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń kọ eré orí YouTube kan nípa ọmọbìnrin Yorùbá kan ní Houston, tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní ilé ìwé girama, tó sì ń wá ọ̀nà àtiwọ Harvard. Eré tẹlifíṣọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe, àmọ́ wọ́n ní irọ́ pọ̀ nínú wọn. Ìran mẹ́rin tó gbé eré náà dúró nìyí:

a. Ọ̀gá àgbà tó ń rí sí ìgbaniwọlé ní Harvard fọ̀rọ̀ wá ọmọ náà lẹ́nu wò ní ọ́fíìsì. Ọmọ sọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ lára, ó sì gbà á wọlé lójú ẹsẹ̀.

b. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ní ìparí oṣù Karùn-ún, apínlẹ́tà gbé àpòòwé ńlá wá. Gbogbo ilé pé jọ, wọ́n sì tú u.

d. Harvard fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó lè bá a sáré ní gbogbo ilé ìwé wọn.

e. Bàbá ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan kọ́ ilé ìkàwé fún yunifásítì, ọmọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé yẹn náà sì wọlé.

Èwo ni kí n yọ, èwo ni kí n tún ṣe? Ọjọ́, iye owó àti orúkọ fọ́ọ̀mù ni mo nílò jù.

Káńsẹ́lọ̀_Texas

Ẹ yọ (a) kíá. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ gba ọmọ wọlé níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó agbègbè tí ọmọ ti wá ló máa kọ́kọ́ ka fáìlì rẹ̀, á sì fún un ní máàkì lórí ìwé, lórí ìgbòkègbodò lẹ́yìn kíláàsì, lórí eré ìdárayá àti lórí ìwà. 1 ni máàkì tó ga jù, 6 ló kéré jù. Ẹjọ́ tí wọ́n pe Harvard lórí ìgbaniwọlé, tí wọ́n rò ní kóòtù ní Boston lọ́dún 2018, ló jẹ́ kí gbogbo ayé rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbìmọ̀ kékeré á gbé e yẹ̀ wò, tí ìgbìmọ̀ ńlá tó ní nǹkan bí ogójì èèyàn á sì dìbò. Bí ọmọ bá mọ̀rọ̀ọ́ sọ bí onírárà, kò sí nínú yàrá yẹn.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọ ni wọ́n ń pè. Akẹ́kọ̀ọ́jáde Harvard kan tó ń gbé nítòsí, tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, ló máa ń ṣe é, nílé kọfí tàbí lórí Zoom. Kò rí èsì ìdánwò ọmọ, kò rí àròkọ rẹ̀. Ìròyìn ṣókí ló máa kọ ránṣẹ́. Ẹ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, kí inú rẹ̀ dùn sí ọmọ náà gan-an, kó má sì ní agbára kankan. Èmi gbà pé ìran yẹn á dára ju ti ọ̀gá àgbà lọ.

Ní ti (b), kàlẹ́ńdà yín ló dàrú. Common App, fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọmọ fi ń bèrè ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, máa ń ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ. Àròkọ ńlá kan wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ 250 sí 650. Àyè mẹ́wàá péré ló wà fún ìgbòkègbodò, àpèjúwe ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 150 lọ, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì tún ń gbé àbúrò láti ilé ìwé, lẹ́tà 150 ló máa fi sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìran ọmọ tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lóru, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Olùkọ́ méjì á kọ lẹ́tà nípa rẹ̀, ó sì yẹ kó ti bẹ̀ wọ́n kí ilé ìwé tó wọlé dáadáa, torí olùkọ́ tí gbogbo kíláàsì fẹ́ràn lè ní lẹ́tà ọgbọ̀n láti kọ. Káńsẹ́lọ̀, ìyẹn olùdámọ̀ràn ilé ìwé, á fi ìròyìn ilé ìwé ránṣẹ́, á tún fi èsì ìdajì ọdún ránṣẹ́ ní nǹkan bí oṣù Kejì. Nínú eré, káńsẹ́lọ̀ máa ń ráyè jókòó ti ọmọ kan láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn káńsẹ́lọ̀ dámọ̀ràn ọmọ 250 fún káńsẹ́lọ̀ kan, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìjọba sì ti kọjá iye yẹn.

Tó bá fẹ́ tètè gba èsì Harvard, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ni fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ wọlé, èsì á jáde ní àárín oṣù Kejìlá. Tí kò bá yá, ọjọ́ 1 oṣù Kínní ni, èsì á jáde ní ìparí oṣù Kẹta. Ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ló gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn. Nígbà tí apínlẹ́tà yín dé yìí, ọmọ ti yẹ kó san owó ìdúró síbì kan.

Èsì kì í sì í wá nínú àpòòwé mọ́. Ímeèlì á dé nírọ̀lẹ́ pé kó lọ wo pọ́tà rẹ̀, ìyẹn ojú ewé tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yunifásítì, ibẹ̀ ló máa kà á, lórí fóònù. Ìwé tó bá tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìyẹn, fífi ṣe ẹ̀ṣọ́ ni.

Ohun kan tún wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fò, níwọ̀n bó ti jẹ́ Houston ni. Láti 1997 ni òfin ti wà ní Texas pé ọmọ tó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ní kíláàsì rẹ̀, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbà á. UT Austin (University of Texas tó wà ní Austin) nìkan ló lè dín in kù: 6 nínú ọgọ́rùn-ún ni tẹ́lẹ̀, ó ti di 5 fún àwọn tó ń wọlé láti ìgbà ìwọ́wé 2026. Fọ́ọ̀mù wọn ń parí ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, Harvard kò sì ní kí ọmọ tó tètè bèrè lọ́dọ̀ òun má bèrè ní yunifásítì ìjọba. Òfin náà kò ṣe ìlérí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ o. Ó lè wọ UT Austin, kí wọ́n má gbà á síbi ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ tó fẹ́. Bàbá á ní “ìwọ ọmọ yìí, o ti ní àyè, kí lo tún ń wá kiri?” Ìjà ilé ti délẹ̀ nìyẹn.

Olùṣírò

Káńsẹ́lọ̀ ti ṣe bẹbẹ. Ẹ jẹ́ kí n bá (d) wí, torí irọ́ tó wà nínú rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Harvard kì í fún ẹnikẹ́ni lówó torí eré ìdárayá. Gbogbo ilé ìwé Ivy League, ẹgbẹ́ yunifásítì olókìkí tí Harvard wà nínú rẹ̀, mẹ́jọ ni wọ́n, ló ti fẹnu kò lórí ìyẹn láti 1954. Wọn kì í fúnni lówó torí pé orí pé náà. Kóòṣì lè bá ọmọ sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ agbaniwọlé, wọ́n sì lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i ṣáájú ọjọ́ èsì pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n owó ń bọ̀ láti ibì kan ṣoṣo: ohun tí àwọn òbí ní àti èyí tí wọn ò ní. Bí ẹ bá fẹ́ kí eré sísá fún un lówó, ẹ mú un lọ sí yunifásítì míì tó wà ní Division I, ìpele tó ga jù nínú eré ìdárayá yunifásítì.

Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò bá ju $100,000 lọ, tí dúkìá wọn kò sì pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, kò san kọ́bọ̀ ní Harvard, oúnjẹ àti ibùgbé wà nínú rẹ̀. Títí dé $200,000, owó ẹ̀kọ́ nìkan ni wọn ò ní san. Fọ́ọ̀mù méjì ni wọ́n fi ń béèrè ìrànlọ́wọ́ owó: FAFSA ti ìjọba àpapọ̀, ọ̀fẹ́ ni, àti CSS Profile tó jẹ́ $25 fún ilé ìwé àkọ́kọ́, $16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kù (ọ̀fẹ́ ni fún ìdílé tí owó wọn kò ju $100,000 lọ). Wọ́n á tún béèrè ìwé owó orí.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ nílé àwọn èèyàn wa nìyí, ó sì yẹ kó wà nínú eré yín. Ìkíní, òbí ò fẹ́ kí ọmọ rí iye tó ń gbà. FAFSA kò ní parí bí òbí ò bá ṣí àkáǹtì tirẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ìkejì, owó ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń wò. Bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá ṣì jẹ́ olówó lójú fọ́ọ̀mù. Ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ owó, kó fi ẹ̀rí tì í. Ìkẹta, ilé tí wọ́n ń gbé kò sí nínú ìṣirò FAFSA, àmọ́ ilé tí bàbá fi rẹ́ǹtì sílẹ̀ ní Ìkòròdù wà níbẹ̀. Owó tó ń fi ránṣẹ́ sí màmá àgbà lóṣooṣù ńkọ́? FAFSA kì í yọ ọ́ kúrò. CSS Profile ní àyè tí ẹ ti lè ṣàlàyé rẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n á gbà.

Ẹ pinnu ìwé ìgbélùú ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé abẹ́ físà iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló wà, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìjọba àpapọ̀ rárá. Harvard ṣì lè ràn án lọ́wọ́, torí wọn kì í wo agbára owó kí wọ́n tó gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Yale, Princeton, MIT àti Amherst náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé tó kù kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Òǹwòran_Àtijọ́

Ẹ ṣàánú àwọn onítẹlifíṣọ̀n díẹ̀. Sáà tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ó máa ń parí ní oṣù Karùn-ún. Ìròyìn ńlá gbọ́dọ̀ bọ́ sí apá tó kẹ́yìn, ìdí tí àpòòwé fi ń pẹ́ nìyẹn. Àwọn òṣèré tí èèyàn ti fẹ́ràn kò sì gbọdọ̀ túká, ni gbogbo wọn ṣe ń wọ yunifásítì kan náà. Nínú Beverly Hills, 90210, California University tí kò sí lórí ilẹ̀ ni wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn.

Ìran (a) yín, mo mọ ibi tó ti wá. Nínú Gilmore Girls, bàbá àgbà mú Rory lọ wo Yale, àfi gbàù tó rí ara rẹ̀ níwájú ọ̀gá agbaniwọlé lọ́jọ́ náà gan-an. Ó dùn ún wò, torí inú ń bí ìyá rẹ̀ sí bàbá yẹn. Ìjà ìdílé ló gbé ìran náà, kì í ṣe Yale.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà. Nínú Saved by the Bell, Zack gba 1502 nínú SAT, ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Máàkì SAT máa ń parí sí òdo ni, 1500 tàbí 1510. Ọmọ ọdún 17 kan á mú yín níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Orí kọ̀ǹpútà ni ìdánwò náà wà báyìí, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 14, ẹ má fi bébà àti pẹ́ńsù síbẹ̀. Harvard sì ti dá a padà gẹ́gẹ́ bí ọ̀ranyàn ní 2024.

Ẹnu_Ọ̀nà_Ẹ̀gbẹ́

Gbogbo yín fo (e), òun gan-an ló sún mọ́ òótọ́ jù. Nínú ẹjọ́ 2018 tí Káńsẹ́lọ̀ mẹ́nu bà, ó hàn pé Harvard ní àkójọ orúkọ àwọn tí ọ̀gá agbaniwọlé ń fojú sí lára, àwọn ọmọ olùfowóṣètọrẹ wà níbẹ̀. Kò sófin tó kà á léèwọ̀. Ẹnì kankan kì í gbé sọ̀wédowó lé tábìlì kó ní “ọmọ mi ńkọ́?” Owó á ti wọlé lọ́dún púpọ̀ ṣáájú, ọ́fíìsì tó ń wá owó á rán ọ́fíìsì agbaniwọlé létí, ó tán. Àmọ́ ọmọ tí kò mọ̀wé rárá ṣì ń ṣòro fún wọn láti gbà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọmọ tó mọ̀wé níwọ̀nba.

Èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ti Rick Singer, tí ìjọba tú síta ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, 2019. Ó lé ní mílíọ̀nù 25 dọ́là tó gbà lọ́wọ́ àwọn òbí. Ó ń fún kóòṣì ní rìbá kí wọ́n pe ọmọ tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí ní agbábọ́ọ̀lù, ó sì ní ẹni tó ń tún ìdáhùn SAT àti ACT, ìdánwò tó jọ ọ́, ṣe lẹ́yìn ìdánwò. Ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ni wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ní 2023. Ẹ kíyè sí i pé bàbá tó lè kọ́ ilé ìkàwé kò nílò Singer. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó kọ́lé, tó sì ju ti gbogbo wa lọ, ni oníbàárà rẹ̀.

Alákọsílẹ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo ti fa igi lé (a) àti (d). Ìṣòro kan ló kù: ayẹyẹ ti oṣù Karùn-ún ni apá tó kẹ́yìn, mo sì nílò ìròyìn kan tó máa dé lọ́jọ́ náà. Ṣé kò sí ọgbọ́n kankan?

Káńsẹ́lọ̀_Texas

Ó wà. Ẹ fi í sórí waitlist, ìyẹn àkójọ àwọn tó ń dúró de àyè. Ní ìparí oṣù Kẹta, pọ́tà á sọ pé kò wọlé, kò sì jáde: ṣé ó fẹ́ dúró? Á ní bẹ́ẹ̀ ni, á kọ lẹ́tà kan péré láti sọ ohun tuntun tó ti ṣe. Kó tó di ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, á san owó ìdúró sí UT Austin. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni Harvard á mọ iye àyè tó ṣófo, wọ́n sì lè pe ẹnì kan ní oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà. Lọ́dún míì, wọn kì í pe ẹnì kankan. Àkókò tí wọ́n fi ń dáhùn kúrú, owó tó san sí Austin kò ní padà, lẹ́tà owó ìrànlọ́wọ́ Harvard sì lè máà tíì dé nígbà tí wọ́n bá ní kó dáhùn. Kó béèrè fún un kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Olùṣírò

Kí bàbá sì ti fi ìwé owó orí ránṣẹ́ láti oṣù Kejì o. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan tí ọ́fíìsì máa fi ṣírò fún un lọ́sẹ̀ yẹn.