Lééṣì funfun yìí ti sú mi, ẹ gbà mí

Ìyá Ìbejì: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin àbúrò mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rò ó bóyá kí n kọ ọ́ tàbí kí n má kọ ọ́. Àbúrò ọkọ mi fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ fọ́kọ lóṣù tó ń bọ̀, ní Bódìjà. Ìyàwó rẹ̀ ló dá aṣọ mú, lééṣì funfun báláú, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Èmi ni ìyàwó àgbà nílé yẹn! Ọdún 26 rèé tí mo ti wọlé wọn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́lé ní Ọ̀jọ́ọ̀, èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn bíríkìlà.

Mo gbé lééṣì lọ fún télọ̀. Ó wọ̀n mí, ó ní ìdí mi ti fẹ̀, ikùn mi ti yọ, níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀! Nígbà tó rán an tán, sípù ò gòkè. Ó ní kí n lọ ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó ń fún ikùn. Mo rà á, mo wọ̀ ọ́, ooru fẹ́ẹ̀ pa mí. Kò sí aṣọ kan nínú àpótí mi tó tún bá mi mu. Mo sunkún lánàá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n pa àwọ̀ dà? Mi ò lè wọ funfun.

Ìyá Aláṣọ Gbági: Ẹ pẹ̀lẹ́. Nígbà tí mo pé ẹni 48, kọ́mú tí mo ti ń wọ̀ tipẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé mi léjìká. Mo rò pé ọṣẹ ló sún un kì, àṣé ara mi ló ti yí padà. Mo kó gbogbo síkẹ́ẹ̀tì tó fún mi fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo padà sídìí ìró àti bùbá. Ìró ò mọ ẹni tó sanra, ẹ óò kàn tún un ró ni. Tí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ, ẹ fọwọ́ pa á ná. Èyí tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọ̀rá, kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ. Òwú ni kí ẹ rà.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá: Ẹ má bínú, ẹ̀yin oníbàárà náà ń dá kún un. Tí a bá ń wọ̀n yín, ẹ máa ń fa ikùn wọlé. Ẹ mí sílẹ̀! Kí wọ́n tún wọ̀n yín níjòókòó, torí ìjókòó ni ẹ óò ti jẹun lóde. Kí télọ̀ yín tú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bó bá fi àyè sílẹ̀ nínú. Bí kò bá fi àyè sílẹ̀, kó lé aṣọ sí i láti abíyá dé ìdí. Kó yọ sípù, kó sọ ọ́ di bùbá. Láínìn ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀ ló ń fa ooru yẹn, kó fi òwú rọ́pò rẹ̀.

Àbúrò Yín: Mọ́mì, ẹ dín ẹ̀bà alẹ́ kù.

Ìyá Aláṣọ Gbági: Ìwọ ọmọ yìí, ta ló bi ọ́ léèrè ẹ̀bà?

Ìyá Ìbejì: Mi ò jẹ ẹ̀bà lálẹ́. Ẹ ṣé, télọ̀, mo gbọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni mo ń sọ. Ká ní aláró ni wọ́n mú, mi ò ní janpata. Mo ní àdìrẹ Ìbàdàndùn kan nílé, òpó gbọ̀ngàn Mápó hàn lára rẹ̀ kedere. Òun gan-an ló wù mí.

Ìyá Àgbà Ọ̀jẹ́: Ìyàwó, ẹ má fi aṣọ dájà sílẹ̀ nínú ẹbí ọkọ. Funfun yẹ àgbà. Sányán ni mo wọ̀ nígbèéyàwó ọmọ mi, ó wúwo, ooru mú mi títí gèlè fi tú lórí mi. Mo fara dà á.

Nọ́ọ̀sì Wa: Ìyá Ìbejì, ẹ ò tíì sọ ọjọ́ orí yín. Kí ló dé tó fi jẹ́ funfun nìkan ni ẹ ò lè wọ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹni 53 ni mí. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mi ò ti rí nǹkan oṣù mi, mo ti ní ó ti tán. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó tún ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ó ta sí mi láṣọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ mi ló fi ìborùn bò mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó nínú funfun láàárín àna?

Nọ́ọ̀sì Wa: Ìyá mi, ẹ gbé aṣọ tì ná. Bí nǹkan oṣù bá ti dúró fún oṣù 12 gbáko, ẹ̀jẹ̀ tó bá tún yọ, bó jẹ́ ẹ̀kán kan, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe nǹkan burúkú. Ojú ara tó gbẹ tó sì fẹ́lẹ́ lè fà á. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ yìí ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ tú u fó. Bí wọ́n bá tètè rí i, ó ṣeé tọ́jú. Wọ́n á ṣe skáànù, wọ́n sì lè mú díẹ̀ lára awọ inú ilé ọmọ lọ yẹ̀ wò. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù tàbí UCH lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má dúró de ìgbéyàwó.

Àbúrò Yín: Àgbo kan wà tí ìyá mi...

Nọ́ọ̀sì Wa: Rárá. Ẹ má mu àgbo kankan kí wọ́n tó yẹ̀ yín wò.

Ìyá Àgbà Ọ̀jẹ́: Ọmọ mi, forí jì mí, mi ò mọ̀.

Ìyá Ìbejì: Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́, ojú ló ń tì mí. Dádì wọn pàápàá ò mọ̀.

Ìyá Ìbejì: Mo ti sọ fún un. Kò pariwo. Ó ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la la ó jáde, kí a lè tètè gba káàdì. Mi ò tíì pe ìyàwó àbúrò rẹ̀. Ìyá Aláṣọ, ibo ni mo ti lè rí yẹ̀rì òwú dúdú rà nírọ̀lẹ́ yìí?

Ìyá Aláṣọ Gbági: Ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ fi àdúgbò yín ránṣẹ́ sí mi, mo ń gbé méjì bọ̀.