Kí ló ń ṣe ọmọlúàbí tó bá ti wọ yúnífọ́ọ̀mù tán?

Ọmọ_Ìjẹ̀búÒde:
Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ kan. Àbúrò mi wọṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ lọ́dún tó kọjá, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ka tó wà. Ọmọ tí màmá wa máa ń sọ pé tí wọ́n bá gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀, á tún bu omi fún wọn ni o. Mo ń bọ̀ láti Mọ́balùfọ̀n, mo bá òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ti dá ọlọ́kadà kan dúró, wọ́n ní kó kúnlẹ̀, ọ̀kan gbá a létí, òmíì náà gbá a, ó kan àbúrò mi, òun náà gbá a. Nígbà tó délé mo bi í, ó ní "Bọ̀dá mi, gbogbo wa la jọ wà níbẹ̀, ṣé kí èmi nìkan wá dá yàtọ̀ ni?" Inú ẹ̀ ò dùn sí i náà o, kò jẹun alẹ́. Ṣé aṣọ yẹn ni, àbí bó ṣe wà nìyẹn látilẹ̀ tá ò mọ̀?

Jagunlabí_Ìpẹ̀rù:
Aṣọ ni jàre. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ewúrẹ́, á máa dá mọ́tò dúró. Ṣebí wọ́n ti ṣe é ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ní 1971, wọ́n ṣe ẹ̀wọ̀n àfiṣeré, wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe wọ́dà, láàárín ọjọ́ mẹ́fà wọ́n ti ya ìkà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́Ìwòyè:
Ẹ̀gbọ́n Jagun, Stanford yẹn ní ọwọ́ kan nínú o, wọ́n ti sọ irú ìwà tí wọ́n ń fẹ́ fáwọn wọ́dà yẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbára lé e. Èyí tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ni ti Solomon Asch, onímọ̀ saikọ́lọ́jì kan, ní Amẹ́ríkà náà, 1951. Ó fi ìlà han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé nínú mẹ́ta yìí èwo ló gùn tó eléyìí, nǹkan tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á gbà láìronú, àmọ́ ẹnì kan péré ni wọ́n ń dán wò nínú yàrá, gbogbo ìyókù ti gbìmọ̀ pé àwọn á jọ pa irọ́ kan náà. Tó bá wá kan ẹni yẹn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn ló bá tiwọn lọ. Kò sí ìbọn, kò sí ọ̀gá, kò sẹ́ni tó máa lé e níṣẹ́. Àwọn kan sọ lẹ́yìn ẹ̀ pé àwọn mọ̀ pé irọ́ ni, àwọn kàn ò fẹ́ dá yàtọ̀, ọ̀rọ̀ àbúrò yín gan-an nìyẹn! Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni pé tí ẹyọ ẹnì kan bá ti sọ òótọ́ ṣáájú ẹ̀, ara máa ń tù ú, á sọ ohun tójú ẹ̀ rí. Milgram náà, onímọ̀ saikọ́lọ́jì míì ní yunifásítì Yale, tó ní kí wọ́n máa tẹ iná lu ẹni tó bá ṣi ìdáhùn (iná yẹn ò sí, eré ni ẹni tó ń ké ń ṣe), 26 nínú 40 ló tẹ̀ ẹ́ dé volt 450. Nígbà tó wá fi èèyàn méjì tì wọ́n tí àwọn yẹn kọ̀ pé àwọn ò tẹ̀ mọ́, 4 péré nínú 40 ló dé òpin.

Ọmọ_Aláre:
Àwa tá à ń bú wọn yìí náà, ta ló láyà láti sọ fún rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ẹ̀ pé òun ò rán aṣọ Ojúde Ọba ọdún yìí? Àwọn kan ń yáwó sí i 😂

Ìyá_Ìbejì_Ṣágámù:
Aṣọ Ojúde Ọba kì í gbá èèyàn létí. Ṣágámù ni mo wà ní Fẹ́búárì 2020 tí àwọn ọ̀dọ́ jáde torí agbábọ́ọ̀lù Remo Stars tó kú lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá SARS mú un, ẹ má fi saikọ́lọ́jì wẹ̀ wọ́n mọ́ fún mi. Ọwọ́ ta ló gbá ọlọ́kadà yẹn? Ọwọ́ ẹgbẹ́ ni àbí ọwọ́ ẹ̀?

Bàbá_Ṣájẹ́ńtì:
Màmá Ìbejì, ẹ ò parọ́. Mo fi yúnífọ́ọ̀mù jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé a ò lè ṣe kí wọ́n má tẹ̀lé ara wọn, lóru lọ́nà J4, tí wọ́n bá ní ẹ dọ̀bálẹ̀ tí ẹnì kan ní kóun rò ó wò ná, òkú ẹ̀ la máa gbé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ gbogbo yín níyà torí ẹnì kan ní tréníìnì. Àmọ́ wọn kì í kọ́ ọmọ bó ṣe máa dá dúró, bẹ́ẹ̀ òfin wà ńlẹ̀, Criminal Code, section 32, àṣẹ tó bá hàn gbangba pé kò bófin mu, "ọ̀gá ló ní kí n ṣe é" kò lè gbà ẹ́. Ti àbúrò ẹ yìí ò tiẹ̀ ní àṣẹ nínú, ẹgbẹ́ ni. Ẹ̀rù ẹgbẹ́ sì ju ti ọ̀gá lọ: ẹni tí kò bá bá wọn ṣe, wọ́n á máa pè é ní pásítọ̀, á sì máa rò ó pé lọ́jọ́ tí ìbọn bá dún, ta ló máa bo òun? Ọgbọ́n tí èmi dá ni pé mi ò ní wàásù. Mo máa ní "ẹ fún mi ní eléyìí kí n bi í léèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò", mo ti gbé e kúrò nìyẹn. Kó wá ẹnì kan nínú tíìmù ẹ̀ tí inú ẹ̀ ò dùn sí i náà, kí wọ́n jọ sọ ọ́ ṣáájú, ẹnì kan á ṣáà wà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́Ìwòyè:
Bàbá, ohun tẹ́ ẹ sọ yìí ni ọlọ́pàá New Orleans ní Amẹ́ríkà sọ di ẹ̀kọ́, EPIC ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di ẹgbẹ́ wọn lọ́wọ́ mú. Ẹ rántí George Floyd, tí ọlọ́pàá fi orúnkún tẹ̀ lọ́rùn pa ní Amẹ́ríkà, May 2020: ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ nínú àwọn ọlọ́pàá yẹn béèrè pé ṣé kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́, àgbà ibẹ̀ ní rárá, ó tún béèrè lẹ́yìn ìyẹn, síbẹ̀ wọn ò yí i. Ìbéèrè nìkan ò tó.

Ọmọ_Ìjẹ̀búÒde:
Ẹ ṣé gan-an, Màmá Ìbejì ẹ má bínú. Bàbá, tó bá wá jẹ́ ọ̀gá wọn ló bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?

Bàbá_Ṣájẹ́ńtì:
Kó sàlúùtù dáadáa, kó ní "Ọ̀gá, ṣé kí n kọ ọ́ sí diary pé ẹ̀yin lẹ ní ká ṣe é?" Ọ̀pọ̀ wọn á ní kó fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀ kó máa lọ.