Eré wo ni ìyá àgbà tí orúnkún ń ro lè bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣe ní ọgbà Agodi?

Ìyá Àgbà Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn láti Èkó. Ilé tí wọ́n ń gbé níbẹ̀ kò ní àgbàlá tí ọmọdé ti lè sáré, nítorí náà ni mo ṣe ṣèlérí fún un pé n ó mú un lọ sí ibi ìṣeré àwọn ọmọdé ní ọgbà Agodi ní ọ̀sán Sátidé. Ohun tí ó ń jẹ mí lógún ni pé ọmọ náà kì í fẹ́ dá ṣeré. Bí ó bá gun jangilọ́fà, èmi ni yóò tì í. Bí ó bá kan síláìdì, àfi kí n gbé e lé itan kí àwa méjèèjì jọ yọ̀ wálẹ̀. Bí ó bá sì ń sáré, ó fẹ́ kí n máa lé òun. Orúnkún mi kò gba eré sísá mọ́, síbẹ̀ n kò fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí n máa wò ó bí ẹni tí ń ṣọ́ ẹrù. Ẹ jọ̀wọ́, irú eré wo ni mo lè ṣe tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi gbà pé mo bá òun ṣeré? Ṣé kò sì sí ewu nínú gbígbé e lé itan yẹn?

Nọ́ọ̀sì Àwọn Ọmọdé

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé e lé itan lórí síláìdì rárá. Àwọn oníṣègùn egungun mọ ìpalára tí ó máa ń ti ibẹ̀ wá dáadáa. Bàtà ọmọ, pàápàá èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, lè há mọ́ ẹ̀gbẹ́ síláìdì; ẹsẹ̀ ọmọ yóò dúró lójú kan, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ó gbé e lé itan kò lè dúró, ìwúwo rẹ̀ yóò ṣì máa ti ọmọ lọ sísàlẹ̀, egungun ojúgun ọmọ yóò sì lọ́ títí tí yóò fi kán. Bí ọmọ bá dá yọ̀ tí bàtà rẹ̀ há, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó sábà máa ń dúró ni. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí yóò balẹ̀ sí, kí ẹ la ọwọ́ dè é, kí ẹ sì máa kí i káàbọ̀ nígbàkígbà tí ó bá dé.

Kí ó tó gùn ún, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan síláìdì náà, nítorí pé oòrùn ọ̀sán lè mú un gbóná débi tí yóò jó itan ọmọ. Ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, ẹ má sì wọ aṣọ tí ó ní okùn lọ́rùn fún un, kí ó má baà há mọ́ nǹkan.

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé

Ìyá wa, ẹ kú ọjọ́ ogbó. Inú mi dùn sí ìbéèrè yín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti mọ ọgbà náà. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, omíyalé odò Ògùnpa bà á jẹ́ gidigidi ní ọdún 1980, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Nínú eré tiwa, ẹni tí ó ń lé orin kì í sáré. Nígbà tí a ń ṣe Ẹkùn Mẹ́ran ní àgbàlá wa, ìyá bàbá mi a jókòó sórí àpótí, a pe "Ẹkùn mẹ́ran!", àwa ọmọdé a dáhùn "Mẹ́ẹ̀!", "Ojú ẹkùn pọ́n!", "Mẹ́ẹ̀!", bí ohùn rẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀ ni àyà wa ń já, nítorí a mọ̀ pé ẹkùn fẹ́ fò. Kò gbé ẹsẹ̀ kan, òun ni ó sì ni eré náà. Bákan náà ni Bojúbojú: ọwọ́ yín ni yóò bo ojú ẹni tí yóò wá àwọn yòókù, ẹ̀yin ni ẹ óò sọ pé Olórò ń bọ̀, ẹ̀yin náà ni ẹ óò bi wọ́n bóyá kí ẹ ṣí i.

Màmá Ìbejì

Mo gba ọ̀rọ̀ Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Omi wà nínú ọgbà Agodi, àwọn ènìyàn sì máa ń pọ̀ níbẹ̀ ní Sátidé, nítorí náà kò yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́rin lọ fara pamọ́ níbi tí ojú yín kò tó. Ilé ni kí ẹ ti ṣe Bojúbojú. Lórí jangilọ́fà, ẹ kọ "Ẹyẹ mélòó tolongo wáyé" fún un: bí ẹ bá ti tì í lọ, ẹ pe ẹyẹ, bí ó bá ti ń padà bọ̀, kí ó dáhùn "Tolongo!" Àwọn ọmọ mi kì í fẹ́ kí n dáwọ́ dúró, apá nìkan ni ó sì ń ṣiṣẹ́, kò kan orúnkún.

Ìyá Àgbà Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run yóò bá yín ṣọ́ àwọn ọmọ yín. N ó sọ fún màmá rẹ̀ náà ní Èkó, nítorí pé òun gan-an máa ń gbé e lé itan yọ̀. Mo ti bẹ aládùúgbò mi pé kí ó yá mi ní àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, kí Ẹkùn Mẹ́ran lè ní ẹran púpọ̀. Aago mẹ́rin ni a ó lọ, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀.